Luther kò yọ ìwé Jákọ́bù kúrò nínú Bíbélì

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri orí WhatsApp n'Íbàdàn níbí, pé Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, yọ ìwé Jákọ́bù kúrò nínú Bíbélì, àti pé ó kọ́ni pé onígbàgbọ́ kò nílò iṣẹ́ rere. Kò rí bẹ́ẹ̀, àtàkọ́kọ́ àtìkejì.

Lóòótọ́, nígbà tó gbé Májẹ̀mú Tuntun jáde lédè Jámánì lọ́dún 1522, ó fi Jákọ́bù wé koríko gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ náà le, èmi náà gbà. Síbẹ̀ ó túmọ̀ rẹ̀, ó kàn tò ó sápá ìparí ni, pẹ̀lú Hébérù, Júúdà àti Ìfihàn. Ó sì wà nínú odindi Bíbélì rẹ̀ ti 1534.

Ní ti iṣẹ́ rere, ẹ wo Kátíkísímù Kékeré rẹ̀ ti 1529, ìwé tó fi ń kọ́ni ní ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́, lórí “Ìwọ kò gbọ́dọ̀ jalè” (òfin keje ló pè é, ìkẹjọ ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń pè é). Ó ní ká má fi ọjà ayédèrú gba owó ọmọnìkejì wa, ká sì ràn án lọ́wọ́ kí ohun ìní rẹ̀ lè dára sí i. Ẹni tó ń tẹ ìdí kóńgò wọnú kó tó wọn ẹ̀wà ní Bódìjà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ẹ ṣí Bíbélì Luther èyíkéyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá “Jakobus”: orí márààrún ló pé síbẹ̀.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ránṣẹ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí i.