Kì í ṣe Constantine ló bẹ̀rẹ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, pé Constantine, olú ọba Róòmù, ló dá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 325, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin 20 ni ìpàdé yẹn ṣe, kò sì sí èyí tó ní kí wọ́n máa ri ọmọ ọwọ́ bọmi níbẹ̀. Constantine gan-an fúnra ẹ̀, ìgbà tó ń kú lọ lọ́dún 337 ló tó ṣèrìbọmi!

Ẹ wo Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 200, ó ti ń bá wọn jà pé kí ni wọ́n ń kánjú ri àwọn ọmọdé bọmi fún, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dàgbà kí wọ́n mọ Kristi ná. Ṣé èèyàn á máa jà lórí nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò ṣe ni? Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 253, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Fidus ní kí wọ́n dúró dọjọ́ kẹjọ bí wọ́n ṣe ń kọlà fọ́mọ nínú òfin Mósè, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àti bíṣọ́ọ̀bù 66 ní rárá o, kò sídìí láti dúró.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe é. Monica, Kristẹni pọ́ńbélé, nígbà tí inú rírun fẹ́ pa ọmọ ẹ̀ Augustine (tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ ńlá nínú ìjọ) ní kékeré, wọ́n ti ń múra àtirì í bọmi, ara ẹ̀ bá yá, ni wọ́n bá tún sún un síwájú, torí ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yìn ìrìbọmi ń bà wọ́n. Ó di 387 ní Milan kí Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, tó rì í bọmi. Augustine yìí kan náà ló wá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí ti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn gbágbágbá.