Ẹ̀gà kọ́ ni gbogbo ẹyẹ tó ń hun ìtẹ́

"Ẹ̀gà kì í tán n'Íbàdàn." Bí bàbá kan ṣe dá mi lóhùn nìyẹn ní Ọ̀jọ́ọ̀, níbi tí a ti ń dúró de mọ́tò, nígbà tí mo ní ẹyẹ ìlú wa kan tó ń hun ìtẹ́ ti fẹ́ pòórá. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn wa. Lóòótọ́, ẹ̀gà kún un. Wọ́n ti fa ewé imọ̀ rẹ̀ ya, ó ku igi àárín, ìtẹ́ ń fì dirodiro, ariwo ò sì jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bíi ti bàbá: ẹyẹ tó bá ti ń hun ìtẹ́, ẹ̀gà ni, kò sì lè tán.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gà ní àwọn ìbátan kan nínú igbó, dúdú lára, pupa lórí. Málímbè ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè wọ́n, oríṣiríṣi sì ni wọ́n. Málímbè olórí pupa wà láti Sierra Leone títí dé Uganda. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, ní kò sí nínú ewu. Málímbè Ìbàdàn ńkọ́? Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa yìí nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Lọ́dún 1958 ni J. H. Elgood, onímọ̀ ẹyẹ kan, kọ nípa rẹ̀, tó sì fi orúkọ ìlú wa pè é. IUCN kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àkúrun.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ọ̀fun ni kí ẹ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Àtàrí pupa yọ láàárín ewé, àyà mi já. Ẹyẹ náà yí padà: ọ̀fun dúdú, àyà dúdú bí èédú. Olórí pupa ni. Ti akọ málímbè Ìbàdàn, pupa yẹn máa ń yí ọrùn ká, á dé àyà. Ní orí rẹ̀, iwájú ojú nìkan ló dúdú.

Bí a ṣe ń gé igbó fún oko àti pákó, ààyè ń gba ẹ̀gà sí i ni, torí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibùgbé málímbè Ìbàdàn la ń gé yẹn. Igbó IITA, nǹkan bíi hẹ́kítà 350, wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì ti ń rí i.

Mọ́tò bàbá dé kí n tó ṣàlàyé dé ìdajì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí.