Èrò pé ọ̀mùtí tó bá fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ á kàn fi í sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹni tí ọtí ti di bárakú fún ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ ni, àti pé bí ojú bá tì í tó, tàbí bí ẹbí bá le mọ́ ọn tó, á gbé ife sílẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú àwọn ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ nídìí àtẹ onípáraga ní kùtùkùtù. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ife ògógóró mú nítorí gbígbọ̀n, òógùn sì ti bò ó nígbà tí oòrùn kò tíì yọ. Bí ó bá mu ún tán, láìpẹ́, ọwọ́ náà á rọlẹ̀. Kò sí ìgbádùn kankan nínú ìyẹn. Ara ló ń ni ín, ọtí ló sì fi ń ṣe oògùn.

Ọtí máa ń dẹ iṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá ń mu ún lámujù lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kí ó lè bá a dọ́gba. Bí a bá wá já ọtí gbà lójijì, eré náà kò ní dúró: láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì bíi ti wárápá lè gbé e ṣánlẹ̀, ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kí ó máa ṣèrànrán, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ó sì kú. Ibí yìí ló dùn mí jù, nítorí ìgbà yìí gan-an ni ará ilé máa ń sọ pé ẹ̀mí burúkú ti wọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì dè é mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé oògùn bíi diazepam àti fítámì B1 láti ọwọ́ dókítà ni ó nílò. Ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ gba àdúrà náà níbi tí dókítà wà.

Láti ọdún 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kéde pé àìsàn ni kí ọtí di bárakú fún ènìyàn. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì sì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ewu rẹ̀ ló ń bá ìran wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ méjì fi lè jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́mu kan náà, kí ọ̀kan máa mu ún lọ́jọ́ ìnáwó nìkan, kí èkejì má sì lè kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Ọ̀mùtí ní ipa tirẹ̀ láti kó nínú ìtọ́jú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onítọ̀ ṣúgà ṣe ní in. A kì í sì í na onítọ̀ ṣúgà.

Ìtọ́jú wà. Oògùn naltrexone, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ọ̀mùtí ní 1994, ń dín ìpòǹgbẹ ọtí kù. Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, tí wọ́n dá Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mùtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀, sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní 1935, jẹ́ ọ̀mùtí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ti la irú rẹ̀ kọjá ni ọ̀mùtí máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nílé wa, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò ní Abẹ́òkúta àti ti Yàbá l'Ékòó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà sídìí ọtí kí wọ́n tó bọ́ pátápátá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tún mú un padà lọ síbi ìtọ́jú.

Bí ọwọ́ ẹni yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀, ẹ má ṣe já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ iye tí ó ń mu lójúmọ́ fún dókítà láì fi bò.