Ta Ló Lé Yín Gun Òkè?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin náà ẹ yé rẹ́rìn-ín, ẹ fi súyà yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́. Iná ti lọ, kò sí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ máa wò, kò sì sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan ní Kubwa lálẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ mi tán.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló fà á. Oṣù Keje ni, ó ní lọ́jọ́ Sátidé a máa "rìn díẹ̀". Mo rò pé irú ìrìn tá à ń rìn ní Millennium Park ni, tí èèyàn á rìn débi igi kan, á jókòó, á jẹ ẹ̀pà. Mo bá se ìrẹsì, mo bù ú sínú kúlà. Mi ò mọ̀ pé Òkè St. Helens ló ń sọ, ní ìpínlẹ̀ Washington.

Àpáta Zuma tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́yìn Madalla yẹn, ó ga tó nǹkan bí 300 mítà látilẹ̀. Láti ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ tèmi dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ to Zuma mẹ́rin léra wọn, ó ṣì kù. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé a sanwó! Èèyàn 110 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ nígbà ooru, kíá ni àyè sì ń tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyà ni wọ́n ń bá ara wọn dù bí ẹni ń du epo mọ́tò.

Kí lẹ wí, Ìyá Tọ́lá? Rárá, a ò gbàdúrà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ń lọ Orí Òkè. Mo sì mọ̀, Ẹ̀gbọ́n, pé àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ṣùgbọ́n ogun ló lé wọn. Èmi náà bi ọ̀gá mi pé ta ló lé wa? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ṣáà dé òkè. Ká dé òkè ká wá ṣe kí ni? Ó ní ká sọ̀ kalẹ̀. Mẹgáàdì yín, ọmọ Pankshin tí wọ́n bí sáàrin òkè, mo ròyìn fún un láàárọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Babu hanya ne?" Àbí ẹ ò rí i, ó ní ṣé kò sọ́nà míì ni!

Ká tó gbéra, wọ́n kó ìpara oòrùn wá. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò. Èmi tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, tí oòrùn oṣù Kẹrin ò rí mi gbé ṣe? Ẹ ṣáà máa gbọ́. Wọ́n tún fún mi ní àpò ọ̀rá: ẹni tó bá ṣu lórí òkè, á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò lò ó. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó wá. Wọ́n gbé àáké kékeré kan lé mi lọ́wọ́, mo ní igi wo la fẹ́ gé? Ọ̀gá mi ní ti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀ mí lórí yìnyín ni. Kò sọ pé "bóyá". "Ìgbà tí" ló sọ.

Igbó la kọ́kọ́ gbà, ó tutù, ó dára. Òkúta ńláńlá ló kàn, tá à ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gùn bí alángbá. Lẹ́yìn ìyẹn, eérú. Tó o bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, á dá ọ̀kan padà fún ẹ bíi ṣéńjì. Mo he òkúta kan níbẹ̀, ó fúyẹ́ bíi kànrìnkànrìn, ihò wínníwínní kún ara rẹ̀. Ìyá àgbà òyìnbó kan, irun funfun báláú, ọ̀pá méjì lọ́wọ́, kọjá lára mi, ó ní mò ń gbìyànjú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ìkíni o, orúnkún ló yẹ̀.

Yìnyín sì wà nílẹ̀ lóṣù Keje! Oòrùn ń ta wá látòkè, yìnyín ń ta á padà láti ìsàlẹ̀. Inú imú mi ló bó. Inú imú! Sókótó ò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí.

A dé òkè, òkè ò lórí. Ihò ràgàjì ló wà níbi tó yẹ kí orí wà, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rú nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ń jẹ búrẹ́dì, ló bá ń là á fún mi pé òkè ayọnáyèéfín ni, pé ó bú gbàmù lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1980, ó pa èèyàn 57, nǹkan bí 400 mítà ló sì fò lọ lórí rẹ̀. Mo ní ó ti kú ṣá? Ó ní rárá o, ó ń sùn ni. Ó tún ní n má sún mọ́ etí, pé yìnyín tí mò ń wò yẹn, atẹ́gùn lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wa, láti orí bàbá wa dé orí ẹni tó tẹ ìlú dó. Wọ́n rò pé orin ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fìdí jókòó sórí yìnyín, wọ́n á sì máa yọ̀ lọ. Àgbààgbà! Mo di kúlà mi mọ́ àyà, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé, mo jókòó. Atẹ́gùn ń ṣe fùù létí mi, omi yìnyín ń wọ ṣòkòtò, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ máa ń wọ́ mi lórí imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé wa. Ìdí ṣòkòtò ya gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Mo ti ń ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ti ọdún tó ń bọ̀.

Kí lẹ̀ ń sọ fún dírẹ́bà yẹn lábẹ́lẹ̀? Pé lọ́la tá a bá ń lọ Kàdúná, tá a bá ti ń rí Zuma lọ́ọ̀ọ́kán, kó ti ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi pa?