Èsì wa sí ẹni tó ní ọkọ̀ wa "ń dúró lásán"

Ẹ ṣeun, alàgbà, a ti ka ìwé yín.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. Ẹ ní ọkọ̀ wa máa ń dúró lásán, ẹ sì ní awakọ̀ wa fi yín sílẹ̀ lọ ní ibùdókọ̀.  Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ bá wa wọkọ̀, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí awakọ̀ wa ti ń yẹ táyà wò, tó ń tan iná iwájú àti tẹ̀yìn. Èyí àgbà nínú àwọn awakọ̀ wa ni, kì í ṣe ọmọ àná. Ẹ̀yin alàgbà wọlé, ẹ jókòó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ò lọ. Ìyẹn lẹ pè ní ìdúró lásán. Afẹ́fẹ́ ni bíréèkì bọ́ọ̀sì ńlá fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ inú táǹkì rẹ̀ lè dín kù, ẹ́ńjìnnì ló sì máa fẹ́ òmíràn sí i. Títí tí yóò fi tó, sípíríǹgì alágbára ló di táyà ẹ̀yìn mú. Bí awakọ̀ tẹná títí dọ̀la, ibẹ̀ náà ló máa wà. Abẹ́rẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ náà hàn wà níwájú rẹ̀, òun ló tẹjú mọ́. "Ṣììì" tí ẹ gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ wá kọ ọ́ pé ọkọ̀ wa ń jò, ẹ̀rọ ló tú atẹ́gùn dànù nígbà tí táǹkì kún. Àmì pé ó yá nìyẹn.

Ìlú àárín tí a tún ti dúró, tí ẹnikẹ́ni ò wọlé tí ẹnikẹ́ni ò bọ́ọ́lẹ̀ ńkọ́? A yá dé ni. Ẹni tí ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé bá á bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n á rí i wọ̀. Ẹni tó dé lákòókò, tí ọkọ̀ ti ṣíwájú àkókò lọ, kí ló ṣe? Nítorí irú wọn la ṣe ń dúró.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Aago 8:00 ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ọmọbìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rí yín ní òdìkejì títì, fóònù létí, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ fi máa sáré dé, ọkọ̀ ti bọ́ sójú títì, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣé àárín ọ̀nà ló yẹ kó ti ṣílẹ̀kùn? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a dúró, a jẹ̀bi. Lọ́jọ́bọ̀ a ò dúró, a tún jẹ̀bi.

A ò jẹ yín ní gbèsè, síbẹ̀ a ti fi tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ kan pamọ́ fún yín, ọ̀fẹ́ ni, títí oṣù yìí yóò fi parí. Àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀ gan-an ni, kí ẹ lè máa bá a wo abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ní fèrèsé, ọmọbìnrin yẹn ti dá yín mọ̀.

Aago 8:00 ni ọkọ̀ ń lọ o.