Bí ààrẹ tó ti sú aráàlú bá yẹra, ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọlé lóòótọ́?

Nígbàkígbà tí ojú aráàlú bá ti kúrò lára ààrẹ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbòde: kí ó lọ sinmi, kí wọ́n fa ẹlòmíì kalẹ̀, ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ ipò náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é. Láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, ààrẹ mẹ́ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tún díje tí wọ́n sì jáwọ́: Harry Truman lọ́dún 1952, Lyndon Johnson lọ́dún 1968, àti Joe Biden lọ́dún 2024. Ẹgbẹ́ Democrat ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni ẹgbẹ́ ọ̀hún fìdí rẹmi.

Ẹnì kan lè sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ kí wọ́n tó yẹra. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó lé ààrẹ lọ kì í bá a lọ sílé. Ẹ wo Truman fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948, ìwádìí Gallup, iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, fi hàn pé ìdá 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ó díje bẹ́ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri ìlú, ó sì fi ìbò aṣojú ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan ààrẹ gan-an, 303 na Thomas Dewey ti ẹgbẹ́ Republican tó ní 189. Nígbà tí ọdún 1952 fi máa dé, ogun Kòríà ti há sójú kan, Gallup sì ti já a wálẹ̀ sí ìdá 22. Estes Kefauver, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nà án nínú ìdìbò abẹ́lé New Hampshire, kí oṣù kẹta náà sì tó parí, ó ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n fa Adlai Stevenson kalẹ̀. Ogun ò tíì tán, Dwight Eisenhower ti ẹgbẹ́ Republican sì fi 442 sí 89 fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé kí ààrẹ ṣáà lọ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Iye tí ìwádìí ń sọ lónìí kọ́ ni yóò máa sọ lọ́la. Ìdá 35 ni Ronald Reagan ní lóṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdá 10. Ọ̀rọ̀ ajé gbérí, ó sì mú ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 lọ́dún 1984. Ti George Bush àgbà yàtọ̀: ìdá 89 lẹ́yìn ogun Gulf lọ́dún 1991, ìdá 29 ní nǹkan bí ìparí oṣù keje ọdún 1992.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò rárá ni fọ́ọ̀mù àti owó. Fún ìdìbò ọdún 2024, oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni New Hampshire ti ti ilẹ̀kùn fọ́ọ̀mù ìdìbò abẹ́lé. Nígbà tí Biden fi máa yẹra ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2024, ìdìbò abẹ́lé ti parí pátápátá. Kò sí olùdìbò tó lè yan arọ́pò mọ́, àwọn aṣojú tó ń lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ ló kù.

Owó tún wá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 96 dọ́là ló wà lápò ìpolongo rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà. Òfin ò gbà kí àpò olùdíje kan fún àpò olùdíje mìíràn ju 2,000 dọ́là lọ fún ìdìbò kan. Kamala Harris, igbákejì Biden, rí owó náà lò nítorí pé orúkọ òun náà ti wà lórí ìforúkọsílẹ̀ àpò ọ̀hún látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tún fọ́ọ̀mù ṣe lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó owó ìdìbò. Ká ní gómìnà kan ni wọ́n mú, ẹgbẹ́ ni wọn ì bá kó owó náà fún, tàbí kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó dá a.

Bí ó bá ti pẹ́ báyìí, igbákejì ààrẹ nìkan ló máa ń kù, òun gan-an sì ni ẹrù ọ̀gá rẹ̀ wà lórí. Ó kéré tán, Hubert Humphrey, igbákejì Johnson nígbà ogun Vietnam, gbìyànjú láti sọ̀ ọ́. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1968, Gallup fún Richard Nixon ti ẹgbẹ́ Republican ní ìdá 43, òun ní 28. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láti Salt Lake City. Wọ́n yọ àmì igbákejì ààrẹ kúrò lára tábìlì tó dúró sí, ó sì ní òun máa dá bọ́ǹbù jíjù sí àríwá Vietnam dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń sún mọ́ Nixon. Ó parí sí 42.7 sí 43.4. Harris ní tirẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé kí ni ì bá ṣe yàtọ̀ sí Biden, ó ní kò sí èyí tó wá sóun lọ́kàn. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn ná an lówó ju gbogbo ìpolówó tó san owó fún lọ.

Ṣé kí ààrẹ tá ò fẹ́ wá máa díje ṣáá ni? Rárá o. Bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gbéjà kò ó gidi nínú ilé, àmì burúkú ni. Reagan bá Gerald Ford fà á dé àpéjọ lọ́dún 1976, Ford sì fi aṣojú 1,187 sí 1,070 bọ́. Edward Kennedy bá Jimmy Carter jà lọ́dún 1980. Pat Buchanan gba nǹkan bí ìdá 37 lọ́wọ́ Bush ní New Hampshire lọ́dún 1992. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ààrẹ mẹ́ta yìí tó padà wọlé. Ti Trump lọ́dún 2020 sì fi hàn pé wọ́n lè nà èèyàn láìsí ìjà abẹ́lé kankan.

Ìyípadà olùdíje ti bá ẹgbẹ́ kan lára mu rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an: ọdún 1856. Ẹgbẹ́ Democrat kọ Franklin Pierce, ààrẹ tó wà lórí àga, wọ́n mú James Buchanan, ó sì wọlé. Àríyànjiyàn lórí òwò ẹrú nínú òfin Kansas àti Nebraska tó ba Pierce jẹ́ kò ta sí i lára, nítorí pé ìlú London ló wà gẹ́gẹ́ bí aṣojú Amẹ́ríkà nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí ní láti ti rí i kí fọ́ọ̀mù tó parí lọ́dún tó ṣáájú ìdìbò, kí ẹni náà sì ti ní àpò owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.