Àwọn Cherokee kò fínnúfíndọ̀ fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé ṣe ni àwọn Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ta ilẹ̀ wọn fún ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kó lọ sí ìwọ̀ oòrùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwé àdéhùn kan wà lórí títa ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní New Echota, ìlú àwọn Cherokee kan ní Georgia, lóṣù Kejìlá ọdún 1835. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni. John Ross tó jẹ́ olórí àwọn Cherokee kò sí níbẹ̀, ìgbìmọ̀ Cherokee ò sì fún àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ láṣẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Cherokee ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Washington. Síbẹ̀, Ilé Aṣòfin Àgbà gba àdéhùn náà wọlé lọ́dún 1836. Ìbò kan ṣoṣo ló mú un wọlé.

Nígbà tó di 1838, ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn lé wọn jáde nínú ilé. Wọ́n sé wọn mọ́ inú àgọ́ nínú ooru, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì ń pa ọmọ wọn. Nǹkan bí 16,000 ni wọ́n lé rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé bí 4,000 ló kú. Ṣé ẹni tó ta ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìbọn lé?

Ó sì máa ń dùn mí pé a kì í sọ ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn Cherokee olówó kan fi ṣe ẹrú. Àwọn náà rin ìrìn yẹn, wọn ò sì ní ilẹ̀ kankan tí wọ́n lè tà. Ẹ bá wa tún ohun tí ẹ kọ ṣe.